Ìpẹ́ Tó Hù Lẹ́ẹ̀kejì

Ìpẹ́ ẹja kì í tètè kúrò lára ènìyàn. Bí ìyá mi bá ti ọjà Ìpàtá dé ní ìrọ̀lẹ́, ó lè ti fọ ọwọ́, kí ó fọ ẹsẹ̀, kí ó tilẹ̀ ti ṣe àlùwàlá kí ó sì ti dúró láti kírun, síbẹ̀ a ó ṣì rí ẹyọ kan tàbí méjì tó gbẹ mọ́ ọn ní ìgúnpá, tí á máa dán yinrin lábẹ́ àtùpà. Bàbá mi, tó jẹ́ alfa, á ní kó lọ tún àlùwàlá ṣe, nítorí omi kò dé abẹ́ ìpẹ́. Ìyá mi á rojú, á ní Ọlọ́hun mọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe, ṣùgbọ́n á padà sídìí omi. Èmi ni mo máa ń fi èékánná ṣí ìpẹ́ náà kúrò fún un. Mo rántí bó ṣe máa ń le, àti àmì róbótó tó máa ń fi sílẹ̀ lára rẹ̀.

Àdúgbò Gàmbàrí ni ilé wa wà, nínú agboolé kan tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá sín ní yàrá ìkẹyìn, ará ẹnu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ọmọbìnrin tó fẹ́ di dókítà ni mí nígbà náà. Gbogbo agboolé ló mọ̀, torí pé mi ò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Nígbà tí ìwé ìgbàwọlé yunifásítì dé, ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọn ò fún mi ní iṣẹ́ ìṣègùn, ìmọ̀ nípa ẹja ni wọ́n fún mi. Àwọn ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá ẹ ò fojú kan yunifásítì, ó sì ń ha ẹja. Ìwọ fẹ́ lo odidi ọdún mẹ́rin lórí ẹ̀." Inú bí mi dé góńgó. Mo pinnu pé n ó fi hàn wọ́n pé ọgbọ́n ń bẹ lára ẹja tí ẹni tó ń hà á láti kékeré kò mọ̀. Bí mo bá rò ó dáadáa lónìí, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kọ́ ló kó bá mi, fáàrí ni.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ni apẹja tó ń kó ẹja fún un. Bàbá Kékeré ni à ń pè é. Abúlé kan létí odò Àsà, lẹ́yìn ìlú, ló ń gbé, a sì máa fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé ẹja wá sí Ìpàtá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí oòrùn má baà bà á jẹ́. Kò kàwé, àfi kéú díẹ̀ tó kà ní kékeré. Ẹnu rẹ̀ kò dùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ olówó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ odò yẹn tó o. Nígbà tó gbọ́ pé ẹja ni mò ń kọ́, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó ń bọ́ wa ni wọ́n ní kó o lọ mọ̀." Láti ọjọ́ náà, bó bá pa ẹja tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀, á fi ewé wé e fún mi lọ́tọ̀.

Nígbà tó di ọdún kẹta mi, olùkọ́ wa kan kọ́ wa ní ìpẹ́. Mo gbà á gbọ́ bí ẹni gba ẹ̀sìn. Ó ní ẹja kì í bá ìpẹ́ wáyé. Ìgbà tó bá gùn tó èékánná ni ìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí hù nínú àpò kéékèèké tó wà lára awọ rẹ̀, tí wọ́n á gun ara wọn bí páànù òrùlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti hù tán, iye wọn náà nìyẹn títí ẹja á fi kú. Ìpẹ́ kì í pọ̀ sí i mọ́, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i. Bí ẹja ṣe ń dàgbà ni ìpẹ́ ń fi òrùka tín-ín-rín kún etí rẹ̀, ọ̀kan yí èkejì ká. Ní ìgbà òjò tí oúnjẹ pọ̀ lódò, òrùka á jìnnà síra wọn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi fà, tí ebi ń pa ẹja, òrùka á fún pọ̀ títí á fi dà bí ìlà dúdú kan. Ìlà kan, ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ọjọ́ orí ẹja. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ìpẹ́ sábẹ́ awò ńlá tó ń sọ ohun bíńtín di ràbàtà, tí mo rí òrùka wọ̀nyẹn tí wọ́n tò lọ bérébéré, omi bọ́ lójú mi. Mo délé, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó dúró gbọ́, mo sì sọ ọ́ fún àwọn tí kò dúró pẹ̀lú.

Ní àsìkò òjò ọdún yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, a wà ní ìsinmi nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Alhaji kan wà ní ìlú tó ń gba kọngílá lọ́wọ́ ìjọba. Ó ra ilẹ̀ ní abúlé Bàbá Kékeré, ó gbẹ́ adágún síbẹ̀, ó sì da ọmọ ẹja èpìyà sínú rẹ̀. Òjò méjì péré ni ẹja náà tíì rí, wọ́n ń fún wọn ní èérí ọkà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ti tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọdẹ tó ń ṣọ́ adágún jí, ó bá ẹ̀gbẹ́ kan tó ti ya, omi ti lọ sílẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú àwọn ẹja ńlá kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá Kékeré gbé apẹ̀rẹ̀ èpìyà wá fún ìyá mi, ẹja tó gbé ara dáadáa, irú èyí tí kì í sábà rí pa. Ọdẹ náà tẹ̀ lé òórùn ẹja dé Ìpàtá. Èmi ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nígbà tó fi ọwọ́ gbá àtẹ wa tó sì pariwo olè. Kí a tó ṣẹ́jú, ọjà ti ṣù bò wá.

Wọn kò lu Bàbá Kékeré, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Wọ́n gba ẹja náà, wọ́n gbé e lọ sínú fíríìsà Alhaji láti fi ṣe ẹ̀rí, wọ́n sì gbé ẹjọ́ lọ síwájú Bálẹ̀ abúlé. Bàbá Kékeré ní inú odò Àsà ni òun ti pa á, níbi kòtò kan tí òun nìkan mọ̀ lábẹ́ igi tó wó sómi, àti pé òun yóò búra. Ní àdúgbò wa, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, tí kò sí ẹni tó ká a mọ́ ibi tó ti ṣe é, á ṣe àlùwàlá, á gbé ọwọ́ lé Kùránì níwájú mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun jímọ́ọ̀, á sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí. Bó bá ti búra, ẹjọ́ ti kúrò lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn. Ẹni tó bá tún pè é ní olè lẹ́yìn rẹ̀, onítọ̀hún ló jẹ̀bi. Alhaji pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀.

Ká ní mo dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni, kì bá tí sí ìtàn tí mò ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n ta ló lè pa mí lẹ́nu mọ́ nígbà náà? Ìyá mi ń sunkún nílé pé bí àbúrò òun bá tilẹ̀ búra, àwọn èèyàn á ṣì máa yọ́ ọ wò, torí ìbúra ti di ohun tí gbogbo ayé fi ń ṣeré. Mo dìde, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní ẹja adágún Alhaji kò lè ní ju ìlà ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni èpìyà odò tó bá tóbi tó ìyẹn gbọ́dọ̀ ní mẹ́ta, ó kéré tán. Mo ní n ó ka ìpẹ́, ìpẹ́ á sọ pé ẹja odò ni, ẹnu á sì pa mọ́ títí láé. Bàbá mi gbọ́ mi tán, ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó búra," ó ní. "Ọlọ́hun kì í ṣi ẹjọ́ gbọ́. Bí gíláàsì tìrẹ bá ṣì í ńkọ́?"

"Gíláàsì kì í purọ́, Bàbá."

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bàbá mi kò pa òwe náà fún mi lọ́jọ́ yẹn, ó kàn gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ padà. Èmi rò pé mo ti borí rẹ̀ nínú àríyànjiyàn ni.

A lọ bá Bálẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ kó sún ìbúra síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bi Bàbá Kékeré bóyá ó gbà. Ó kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ní ìpẹ́ á sọ ọ́, kó sọ ọ́. Mo mọ ibi tí mo ti pa ẹja mi." Nítorí náà wọ́n gbé ẹja jáde nínú fíríìsà, wọ́n ní kí n mú mẹ́fà. Mo já ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan lára wọn, ní ibì kan náà, ní èjìká lábẹ́ ẹ̀gún ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Bàbá Kékeré tẹ̀ síwájú, ó nawọ́ sí èjìká ọ̀kan nínú ẹja náà. Ó ní, "Wò ó, èyí ti há sáwọ̀n rí. Àwọ̀n á bó wọn níbí yìí, òmíràn á wá hù dípò. Kì í dán bíi ti àkọ́kọ́. Adágún Alhaji ò mọ àwọ̀n." Mo dá a lóhùn níwájú gbogbo èèyàn pé kó jọ̀ọ́, ojú lásán kọ́ la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bó ṣe fà sẹ́yìn, tó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ilé kéú tí wọ́n bá wí, mo ṣì ń rí i.

Olùkọ́ mi ti lọ sílùú rẹ̀ fún ìsinmi, èmi nìkan ni mo wọ yàrá àyẹ̀wò. Mo fi omi ọṣẹ nu ìpẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fi gíláàsì pẹlẹbẹ méjì há ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn sábẹ́ awò. Ìpẹ́ àkọ́kọ́, àárín rẹ̀ funfun gbalaja, kò sí òrùka kankan níbẹ̀, lẹ́yìn náà òrùka díẹ̀ tó jìnnà síra wọn àti ìlà dúdú kan ṣoṣo ní etí. Èkejì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún. Mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Mo sọ fún ara mi pé ẹja tí àárín ìpẹ́ rẹ̀ mọ́ tó báyìí, á jẹ́ pé ó jẹun yó láti kékeré, ebi kò pa á rí, èérí ọkà ló fi dàgbà. Ìkẹfà nìkan ló yàtọ̀. Òrùka kún un láti àárín dé etí, ìlà dúdú mẹ́ta sì hàn gbangba lára rẹ̀. Mo wò ó pẹ́. Mo ní bóyá àìsàn ló ṣe ẹja yẹn, torí márùn-ún ló fohùn ṣọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo ló ta kò wọ́n. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àpò ìwé.

Mo lè purọ́ láti gba Bàbá Kékeré sílẹ̀. Òru mẹ́ta ni mi ò fi sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ti kà á nínú ìwé pé ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ kì í fi ojú ẹbí wo òtítọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ jímọ́ọ̀, mo dúró níwájú mọ́sáláṣí abúlé, mo sì sọ ohun tí mo rí. Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ni ẹja wọ̀nyí rí. Mo ní ẹja adágún ni. Mi ò mẹ́nu ba ìkẹfà. Ìyá mi tó jókòó láàárín àwọn obìnrin fi ìborùn rẹ̀ bo ojú. Alhaji dìde, ó ní òun kò tíì rí irú ọmọ báyìí, tó lè sọ òótọ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún mi, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Kí Ọlọ́hun foríjì mí, inú mi dùn sí àmín yẹn. Nínú ìtìjú tó bá ilé wa lọ́jọ́ náà, nǹkan kan nínú mi ń yọ̀ pé ẹnu mi ti tó ẹnu àgbà.

Bàbá Kékeré kò bá mi jà. Ó kọjú sí lèmámù, ó ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, òun ṣì fẹ́ búra. Lèmámù mi orí. Ó ní òun kò lè fi ìwé Ọlọ́hun lé ẹni tí ẹ̀rí ti dá lẹ́bi lọ́wọ́, pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ á di méjì. Bàbá Kékeré bẹ̀ ẹ́. Ó ti ṣe àlùwàlá wá láti ilé, omi ṣì ń bẹ ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Wálláhi, ẹ jẹ́ n búra. Kí ni mo tún ní?" Wọ́n ní kó jókòó.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba àkókò púpọ̀. Bálẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n sí apá odò tó jẹ́ tiwọn mọ́. Ní Ìpàtá, kò sí obìnrin tó ra ẹja ọwọ́ rẹ̀, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní agbódegbà olè? Ìyá mi fúnra rẹ̀ kò lè rà á. Ẹja inú yìnyín ló wá ń tà, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Èkó nínú páálí, ó sì ń tà á láìbá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ìyàwó Bàbá Kékeré kó ọmọ méjì dání, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, a gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Jẹ́bà, pé ó ń bá àwọn apẹja Tápà ṣiṣẹ́ létí odò Ọya. Kò dágbére fún wa.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ sì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí a padà, olùkọ́ mi rí gíláàsì tí mo tò sínú àpótí mi, ó gbé ọ̀kan sábẹ́ awò, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló ní kó o tọ́jú èyí? Kò wúlò, ìpẹ́ tó hù lẹ́ẹ̀kejì ni." Mo bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ìpẹ́ bá já kúrò lára ẹja, òmíràn a máa hù dípò rẹ̀. Á sáré fẹ̀ kó lè tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ ìtàn ọdún tí kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àárín rẹ̀ fi ń ṣófo. Ó ní ìdí nìyí tí a kì í fi í gbára lé ìpẹ́ kan lára ẹja kan. Mo mú ìkẹfà jáde nínú àpò ìwé fún un. Ó yẹ gbogbo wọn wò, ó ní, "Márùn-ún nínú mẹ́fà? Ẹja odò nìyí o. Àwọ̀n ti mú wọn nígbà kan rí, wọ́n sì bọ́." Ohun tí Bàbá Kékeré fi ìka hàn mí lójú gbogbo ayé ni ọ̀mọ̀wé ń fi ìwé sọ fún mi yìí. Òfìfo tí mo fi dá a lẹ́bi, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ẹ ó rò pé mo sáré lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mi ò lọ. Mo ní kí n ṣe ìdánwò tán ná. Lẹ́yìn ìdánwò mo ní kí n kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi tán, orí ìpẹ́ ẹja náà sì ni mo kọ ọ́ lé, wọ́n fún mi ní máàkì tó dára. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé e sínú, mo ń jẹ, mo ń sùn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi níkẹyìn, kò nà mí, kò ṣépè. Ó ní, "Èmi kọ́ lo ṣẹ̀," ó wọ bàtà rẹ̀, ó mú mi lọ sí abúlé lójú ẹsẹ̀.

Mo dúró síbi tí mo dúró sí níjọ́sí. Mo ní mo ṣìnà, ẹja odò ni, Bàbá Kékeré kò jalè, mo sì jẹ́wọ́ ìpẹ́ kẹfà tí mo fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Níjọ́sí ìpẹ́ ní ó jalè, lónìí ìpẹ́ ní kò jalè. Ìpẹ́ wo ni ká wá gbà gbọ́?" Ẹlòmíràn ní ẹ̀jẹ̀ ló ń pe ẹ̀jẹ̀, pé ìyá mi ló fi ẹkún sọ mí di onírọ́. Alhaji, tí wọ́n ránṣẹ́ pè, fi ọwọ́ gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, a ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti foríjì í." Kò sí ohun tó dùn mí tó ìdáríjì yẹn. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tí kò dá mi lójú, wọ́n ṣe àmín. Nígbà tí mo wá sọ èyí tó dá mi lójú, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Jẹ́bà. Mo bá Bàbá Kékeré létí omi, ó ń tún àwọ̀n ẹlòmíràn ṣe, torí kò ní tirẹ̀ mọ́. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun ju ti ìyá mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó sì ń fa okùn àwọ̀n náà lọ. Mo rò pé á bú mi, mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó bú mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Kí ló dé tí o ò jẹ́ n búra?" Kò bínú bó ṣe ń bi mí, ńṣe ló bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, tó ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí. Ó ní kí n dìde, kí n wá jẹun kí ọkọ̀ tó lọ. Ó kọ̀ láti bá mi padà. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, kí àwọn ọdún 1990 tó parí, wọ́n ránṣẹ́ sí wa láti Jẹ́bà pé ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín kí a tó débẹ̀.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹja láti ìgbà náà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n já ìpẹ́ púpọ̀ lára ẹja kan, àti pé kí wọ́n gbọ́ ohun tí apẹja bá sọ kí wọ́n tó lọ sídìí awò. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Títí di òní, n ò mọ ẹni tó kó ẹja Alhaji, tàbí bóyá òjò ló kàn ya ẹ̀gbẹ́ adágún tí ẹja fi bá omi lọ.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n pè mí sí ìsọmọlórúkọ ní abúlé yẹn. Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kékeré kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, kò sì mọ̀ mí rí. Ó fi ọwọ́ júwe fún mi dáadáa. Ó ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ ilé olè ẹja, kí n yà sọ́tùn-ún. Mo wo ilé tó ń wí. Òrùlé rẹ̀ ti ṣubú sínú, koríko ti hù ní yàrá tí Bàbá Kékeré ń sùn sí. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo ti sọ òtítọ́ náà, mo sọ ọ́ ní gbangba, ogún ọdún sì ti kọjá dáadáa. Mo bi ọmọ náà pé ta ló sọ fún un pé olè ló ń gbé ibẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò gbọ́n, ó ní gbogbo èèyàn ló mọ̀, wọ́n ní obìnrin ọ̀mọ̀wé kan ló wá láti yunifásítì wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.